Sílíńdà Tó Kún fún Ìyẹ̀fun, Báwo Ló Ṣe Ń Gba Gáàsì Ju Èyí Tó Ṣófo Lọ?

Awakọ̀ kan ní Ṣàgámù ló kọ̀wé sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà láti Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí owó epo lọ sókè réré ni mo gbé ọkọ̀ mi sórí CNG, gáàsì tí ọkọ̀ ń lò dípò epo, owó tí mò ń ná sì dín kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n sílíńdà yẹn ti gba gbogbo búùtù. Bí àwọn ìyá tó ń ta gàrí bá gbé àpò dé, kò síbi tí n ó kó o sí, gáàsì inú rẹ̀ kì í sì í pẹ́ tán. Ọmọ mi obìnrin tó wà nílé ìwé gíga ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta gba ẹ̀bùn Nobel lórí ìyẹ̀fun kan, pé bí wọ́n bá rọ ọ́ kún sílíńdà, sílíńdà ọ̀hún á gba gáàsì ju èyí tó ṣófo lọ. Mo ní irọ́ ni. Igbá tí a bu yanrìn kún, ṣé ó lè gba omi ju igbá òfìfo lọ ni? Jórinjórin kan ládùúgbò wa wá ní òun mọ ibi tí òun ti lè rí ìyẹ̀fun náà, pé òun á bá mi rọ ọ́ sínú sílíńdà mi. Ta ló tọ̀nà nínú wa? Ṣé kí n dúró dè é ni?"

Ẹ kú ìrìn o, a ò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Kí n tètè sọ èyí ná kí ọ̀rọ̀ yòókù má bò ó mọ́lẹ̀: ẹ má ṣe jẹ́ kí jórinjórin fọwọ́ kan sílíńdà yẹn. N ó padà síbẹ̀.

Ọmọ yín tọ̀nà. Ẹ̀yin náà tọ̀nà, àmọ́ sílíńdà tó wà ní ilé ìdáná ni ọ̀rọ̀ yín bá mu, kì í ṣe èyí tó wà nínú ọkọ̀.

Bí ẹ bá gbé sílíńdà tí ìyàwó yín fi ń se oúnjẹ, ẹ máa ń gbọ́ bí nǹkan ṣe ń mì gbọ̀gbọ̀ nínú rẹ̀. Olómi ni. Gáàsì ìdáná kì í le láti sọ di omi. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó ti ṣàn nìyẹn. Ohun tó bá sì ti jẹ́ omi ti fún ara rẹ̀ pọ̀ tán, kò sí àlàfo láàárín rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá bu ìyẹ̀fun sí irú sílíńdà bẹ́ẹ̀, ẹ kàn gba ààyè mọ́ gáàsì lọ́wọ́ ni. Ọ̀rọ̀ igbá àti yanrìn gan-an nìyẹn.

Gáàsì inú CNG yàtọ̀. Mẹ́téènì ni orúkọ rẹ̀, kì í sì í di omi ní ojú ọjọ́ tiwa, bó ti wù kí a tẹ̀ ẹ́ tó. Àfi tí a bá kọ́kọ́ mú un tutù kọjá dígírì 82 nísàlẹ̀ òdo kí títẹ̀ tó lè sọ ọ́ di olómi. Ọyẹ́ tó mú jù lọ ní Ìjẹ̀bú kò sún mọ́ ọ̀nà ibẹ̀. Nítorí náà, gáàsì ló máa ń jẹ́ nínú sílíńdà yín látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ohun tó bá sì jẹ́ gáàsì, àlàfo ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ojúde Ọba. Ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn ìdílé Balógun bá gun ẹṣin wọ pápá ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹṣin tó ń sáré, tó ń jó, tó ń gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè, kì í gba ààyè ìwọ̀n ara rẹ̀ nìkan. Gbogbo èrò á sún sẹ́yìn fún un. Ẹṣin mẹ́wàá péré lè fi eré gba pápá náà tán. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n ri èèkàn mọ́lẹ̀ káàkiri pápá yìí kan náà, tí wọ́n so ẹṣin kọ̀ọ̀kan mọ́ tirẹ̀, ẹṣin ọgọ́rùn-ún á dúró níbẹ̀, ààyè á sì ṣẹ́kù. Èèkàn gba ilẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́. Ilẹ̀ tí eré sísá ń gbà tẹ́lẹ̀ ló tú sílẹ̀.

Horo gáàsì ni ẹṣin tó ń sáré yẹn. Prẹ́ṣọ̀ ni à ń fi bar wọ̀n: táyà ọkọ̀ kékeré tí fọ́kanáísà bá fún dáadáa máa ń wà ní nǹkan bíi bar 2. Bí a bá fún mẹ́téènì sínú sílíńdà òfìfo títí prẹ́ṣọ̀ fi dé bar 65, ohun tó wọlé kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ohun tí ìbá wà níbẹ̀ ká ní mẹ́téènì náà jẹ́ olómi. Ìdá mẹ́jọ yòókù, pápá eré ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tẹ sílíńdà yín dé bar 200, ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti táyà, ìdí náà sì nìyẹn tí irin rẹ̀ fi nípọn, tó wúwo, tó sì rí róbótó: kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe é ní pẹlẹbẹ kí ó má bú.

Èèkàn wá ńkọ́? Ògiri ni. Horo gáàsì tó bá sún mọ́ ohun líle, ohun líle náà á fà á díẹ̀. Ìfà yìí kò le rárá. Kì í ṣe irú èyí tí irin fi ń dógùn-ún, tí nǹkan méjì wọnú ara wọn tí wọn ò sì tú mọ́. Ó kàn ń dá a dúró ni, ó ń mú eré rẹ̀ rọlẹ̀. Sílíńdà òfìfo ní ògiri lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ju irin tó yí i ká lọ. Ohun tí à ń wá ni ohun líle tó jẹ́ pé inú rẹ̀ kún fún ògiri, tó ní yàrá nínú yàrá.

Ẹ bu gàrí Ìjẹ̀bú sínú abọ́, ẹ da omi tútù sí i, kí ẹ sì fetí sí i. Ẹ ó gbọ́ tó ń ta ṣíṣí, ẹ ó rí afẹ́fẹ́ tó ń yọ ní ojú omi, pọ́, pọ́, pọ́. Inú àwọn ihò gàrí ni afẹ́fẹ́ náà wà, omi ló lé e jáde. Èédú tí a jù sínú omi ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ihò inú èédú pọ̀, ó sì kéré gan-an. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi irú èédú bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fi èèpo àgbọn ṣe, fa gáàsì mọ́ra. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ihò èédú kò dọ́gba. Iná ló lu wọ́n, bó ṣe wù ú ló sì ṣe lù wọ́n.

Ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta yìí ṣe ni pé àwọn fúnra wọn ló pinnu bí ihò yóò ṣe fẹ̀ tó àti ibi tí yóò wà. Ẹ wo ọparun tí àwọn bíríkìlà máa ń so pọ̀ láti fi gun ara ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ojú ìso wà, ọparun wà, ààyè tí èèyàn lè gbà kọjá sì wà láàárín wọn. Nínú ìyẹ̀fun tí ọmọ yín ń sọ, horo irin bíi síǹkì tàbí bàbà ni ojú ìso, ohun oní-kábọ́ọ̀nù tó gùn tọ́ọ́rọ́ sì ni ọparun. MOF ni wọ́n ń pè é káàkiri ayé. Ká ṣáà máa pè é ní férémù irin òun kábọ́ọ̀nù. Bí ẹ bá fẹ́ kí yàrá fẹ̀, ẹ fi ọparun tó gùn sí i. Bí ẹ bá fẹ́ kí ògiri fa gáàsì mọ́ra sí i, ẹ pààrọ̀ irin.

Richard Robson ní Melbourne, ilẹ̀ Ọsirélíà, ló kọ́kọ́ rí ọ̀nà náà. Ní 1974, ó fẹ́ fi bọ́ọ̀lù onígi àti ọ̀pá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bí horo ṣe ń so mọ́ra, ó sì ní láti sọ fún àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ibi tí wọn yóò lu ihò sí lára bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀ ló ti rí i pé ibi tí ihò bá wà ti pinnu irú ilé tí bọ́ọ̀lù náà yóò kọ́. Ẹni tó bá ti rí kápẹ́ńtà tó ń sàmì ojú ìdè kí ó tó mú ayùn mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn. Ọdún 15 kọjá kí ó tó dán an wò: ní 1989 ó fi bàbà ṣe ojú ìso, ilé tó kún fún àlàfo sì jáde. Ṣùgbọ́n ilé náà kò lágbára. Ní 1997, Susumu Kitagawa ní ilẹ̀ Japan ṣe èyí tí gáàsì lè wọ̀ kí ó sì jáde láìwó. Ní 1999, Omar Yaghi ní Amẹ́ríkà gbé MOF-5 jáde. Síǹkì ni ojú ìso rẹ̀. Ọparun rẹ̀ sì ni ásíìdì kan náà tí wọ́n fi ń ṣe ike omi tí wọ́n ń tà fún yín lójú títì. Ẹ gbé e sórí ooru dígírì 300, inú rẹ̀ ṣófo, kò sì wó. Gíráàmù bíi méjì rẹ̀, tí kò tó kóro ṣúgà kan, bí a bá tẹ́ gbogbo ògiri inú rẹ̀ sílẹ̀, ó tó pápá bọ́ọ̀lù.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ọmọ yín pé yàrá kan ṣoṣo ni ìdílé Yaghi ń gbé ní ìlú Amman, ẹran ọ̀sìn náà wà níbẹ̀, kò síná mànàmáná, kò sómi ẹ̀rọ. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó lọ sí Amẹ́ríkà. Oṣù kẹwàá 2025 ni wọ́n kéde pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gba ẹ̀bùn náà.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ẹ fi sùúrù gbọ́ iye wọ̀nyí, nítorí inú wọn ni ìdáhùn yín wà.

Sílíńdà òfìfo tó gba lítà kan, bí a bá fún mẹ́téènì sí i dé bar 65, ohun tó wọlé kò tó lítà 70 bí a bá tú u síta. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ dé bar 250, ó di nǹkan bíi lítà 263. Férémù kan wà tí wọ́n fi bàbà ṣe ní Hong Kong ní 1999, HKUST-1 ni wọ́n ń pè é. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní Cambridge rí ọgbọ́n dá a tí ó fi gan pọ̀ bí òkúta dípò ìyẹ̀fun, ó sì gba lítà 259 ní bar 65 péré. Ẹ rí i? Ohun tí sílíńdà òfìfo ń fi bar 250 gbà, eléyìí fi bar 65 gbà á. Ní bar 65, irin kò ní láti nípọn tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n lè ṣe é pẹlẹbẹ kí wọ́n fi sábẹ́ ìjókòó, kí búùtù yín sì padà di ti gàrí. Ọmọ yín kò purọ́ rárá.

Ṣùgbọ́n iye tó wọlé kọ́ ni ẹ ń rà. Iye tó jáde ni.

Okùn ẹṣin lẹ ó fi mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá so ó dẹ jù, ẹṣin á já sá. Bí ẹ bá so ó le jù, nígbà tí ẹ bá fẹ́ gùn ún kò ní tú. Ẹ́ńjìnnì nílò kí prẹ́ṣọ̀ kù díẹ̀ nínú sílíńdà kí gáàsì tó lè máa wá. Nǹkan bíi bar 5 ni àwọn onímọ̀ fi ń ṣírò. Nínú sílíńdà òfìfo, ohun tó bá kù ní bar 5 kò tó nǹkan. Nínú férémù, àwọn tó lẹ̀ mọ́ ògiri típẹ́típẹ́ ló ń ṣẹ́kù. Nígbà tí wọ́n wọn HKUST-1 ní 2013, iye tó lè gbà lórí ìwé jẹ́ lítà 267, èyí tó lè jáde sì jẹ́ lítà 190. Gbogbo ìyókù, ẹ ra á, ẹ ń gbé e kiri láti Ṣàgámù dé Ìjẹ̀bú-Òde, kò sì gbé yín dé ibì kan. Bí epo pupa tó lẹ̀ mọ́ ara kèrègbè ló rí: ẹ sanwó rẹ̀, ọbẹ̀ yín kò rí i.

Ooru tún wà ńbẹ̀. Gáàsì tó bá lẹ̀ mọ́ ògiri máa ń tú ooru sílẹ̀. Bí wọ́n bá ń rọ ọ́ kíákíá ní ilé epo, inú sílíńdà á gbóná, gbígbóná náà kò sì ní jẹ́ kí ó gbà tó bó ṣe yẹ. Tí ẹ bá wá ń wakọ̀ lọ, ó di ìdàkejì: gáàsì tó ń jáde ń mú ooru lọ, inú á tutù, èyí tó kù á sì lẹ̀ mọ́ ògiri sí i. Wọ́n ń bá a jà. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Berkeley ṣe férémù oníkóbáàtì kan tó máa ń pa ara rẹ̀ dé bí prẹ́ṣọ̀ bá lọ sílẹ̀, tó sì ń ṣí bí prẹ́ṣọ̀ bá dé ìwọ̀n kan. Bí ó ṣe ń pa dé, ó ń lé gáàsì jáde, ṣíṣí àti pípadé náà sì ń gbé lára ooru ọ̀hún mì. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun ló dùn mọ́ mi jù.

Èyí tó kàn wá jù ní ìhà ibí ni ọ̀rinrin. Mo ti se HKUST-1 rí. Bí ẹ bá gbé e sórí ooru tí gbogbo omi inú rẹ̀ fi jáde, àwọ̀ rẹ̀ á ṣú bí aró ẹlú tó gbó dáadáa. Ọ̀kan ni mo gbé lọ sí Àgọ́-Ìwòyè láti fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nínú ìgò kékeré tí mo dé pinpin. Oṣù kẹfà ni, òjò ti ń rọ̀ láti òru. Mo ṣí ìgò náà kí wọ́n lè wo àwọ̀ rẹ̀, mo sì ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, ojú ìyẹ̀fun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Aró ti di ojú sánmà. Ọmọ kan níwájú ló kọ́kọ́ rí i, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, sà, ó ń ṣá." Omi inú afẹ́fẹ́ ló ti wọlé, ó jókòó sórí bàbà, ibi tó yẹ kí gáàsì jókòó sí. Bí ó bá pẹ́ nínú ọ̀rinrin, kò ní mọ sí pé omi gba ìjókòó, férémù náà fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. MOF-5 tilẹ̀ burú ju èyí lọ. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ lásán máa ń tú ojú ìso rẹ̀. Àwọn kan wà tí omi kò lè ṣe ní nǹkan, bíi UiO-66 tí wọ́n fi sirikóníọ́mù ṣe ní Oslo ní 2008, ṣùgbọ́n agbára láti fara da omi àti agbára láti gba gáàsì púpọ̀ kì í sábà bára wọn gbé nínú férémù kan.

Ẹ tún rántí òórùn tí wọ́n ń fi sí gáàsì kí a lè mọ̀ bí ó bá ń jò. Ohun tó ní ìmí-ọjọ́ nínú ni. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ irin inú férémù ju mẹ́téènì lọ, kì í sì í fẹ́ kúrò. Epo díẹ̀díẹ̀ tó ń bá gáàsì jáde láti inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ náà ń dí ihò. Lẹ́yìn rírọ lẹ́ẹ̀mélòó kan, yàrá á kún fún àlejò tí a kò pè.

Nítorí náà, ẹ má dúró dè é fún bọ́ọ̀sì yín. Iṣẹ́ ń lọ lórí rẹ̀ gidigidi, mo sì gbà pé ọjọ́ rẹ̀ ń bọ̀, ṣùgbọ́n gàrí àwọn ìyá yẹn kò lè dúró dè é. Ẹ lọ bá àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí láti ṣiṣẹ́ CNG, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fi sílíńdà kékeré méjì sábẹ́ ọkọ̀ dípò ńlá kan nínú búùtù.

Ibi tí férémù wọ̀nyí ti ń ṣiṣẹ́ lónìí kò jọ ohun tí èèyàn máa ń rò. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà máa ń lo gáàsì olóró tó lè pa èèyàn bí ó bá jò. Láti 2016 ni wọ́n ti ń ta sílíńdà tó ní férémù nínú fún wọn. Prẹ́ṣọ̀ inú rẹ̀ kò tó ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká, nítorí náà bí ẹnì kan bá ṣèèṣì ṣí i, afẹ́fẹ́ ìta ló máa fẹ́ wọlé, gáàsì kò ní tú jáde pì.

Èkejì kàn Ṣàgámù gan-an, òun ló sì wà lọ́kàn mi jù. Ẹ mọ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tó wà lọ́dọ̀ yín. Òkúta ẹfun tó wà nínú ilẹ̀ Rẹ́mọ ló gbé e wá síbẹ̀. Bí wọ́n bá sun òkúta ẹfun láti fi ṣe sìmẹ́ńtì, nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ìwúwo rẹ̀ máa ń di carbon dioxide, irú gáàsì tí à ń mí síta, a sì bá èéfín lọ. Kì í ṣe iná tí wọ́n dá nìkan ló ń tú u. Inú òkúta náà fúnra rẹ̀ ló ti ń jáde. Nítorí náà, bí wọ́n tilẹ̀ fi oòrùn dáná, gáàsì náà ò ní ṣàì jáde. Àfi kí a mú un lẹ́nu símíìnì.

Ní Kánádà, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Calgary ṣe férémù kan tó ń jẹ́ CALF-20. Síǹkì ni ojú ìso rẹ̀, ọ̀kan nínú ọparun rẹ̀ sì ni oxalate, ohun tó wà nínú ewé tẹ̀tẹ̀ tí ẹ ń jẹ. Wọ́n gbé ìwádìí náà jáde ní 2021, wọ́n sì ti dán an wò lórí èéfín ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì kan ní Richmond, ní British Columbia. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé oru omi gbígbóná àti èéfín olómi kíkan kò bà á jẹ́. Ó ń mú carbon dioxide láàárín ọ̀rinrin tó ti máa pa MOF-5 run. Wọ́n á fi oru omi lé gáàsì jáde, wọ́n á gbà á sọ́tọ̀, wọ́n á sì tún dá férémù padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò nílò láti fúyẹ́, kò nílò láti wọ búùtù, kò sí awakọ̀ tó ń ka kìlómítà rẹ̀. Bí ọmọ yín bá ń wá ohun tí yóò fi ìmọ̀ kẹ́mísírì ṣe nílé, símíìnì wà ní Ṣàgámù, òkúta ẹfun wà nílẹ̀ Rẹ́mọ.

Mo ní n ó padà sí ọ̀rọ̀ jórinjórin. Sílíńdà CNG onírin kì í ní ojú ìjó rárá; ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fà á, wọ́n sì fi iná àti títutù mú irin rẹ̀ le. Bí iná jórinjórin bá kàn án, ibẹ̀ á rọ̀, bar 200 á sì wá ibẹ̀ rí. Ní oṣù kẹwàá 2024, sílíńdà ọkọ̀ kan bú ní ìlú Benin níbi tí wọ́n ti ń rọ CNG sí i, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò sì rí i pé èyí tí wọ́n jó pọ̀ ni, kì í ṣe ti CNG. Ìyẹ̀fun tí ẹni náà ní òun fẹ́ rọ sí i, ohunkóhun tó wù kó jẹ́, ẹnu fáàfù ni yóò kọ́kọ́ dí, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ tó ń dín prẹ́ṣọ̀ kù kí gáàsì tó dé ẹ́ńjìnnì.

Kí ẹ tó tún lọ to ìlà ní ilé epo, ẹ ṣí búùtù, kí ẹ fi aṣọ nu èjìká sílíńdà yín, níbi tó ti ń wọ ọrùn. Wọ́n gbẹ́ nǹkan sí irin níbẹ̀: CNG, prẹ́ṣọ̀ tí wọ́n ṣe é fún, àti oṣù òun ọdún tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ kò bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tàbí bí ẹ bá rí ojú ìjó lára rẹ̀, ẹ má rọ gáàsì sí i mọ́ títí ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò fi wò ó.